TA LÓ FUN FÈRÈ YẸN?

Gbogbo ayé mọ orin, gbogbo ayé mọ ẹni tó ni ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ètè ara ẹ̀ fun fèrè tó ń mú yín lórí yá, orúkọ ẹ̀ dà?

Bí ẹ bá dé Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń sìnkú àgbà, ẹ ò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà ilé olóòkú kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Etí yín ló máa mú yín lọ. Àwọn onífèrè idẹ ni wọ́n máa ń ṣíwájú pósí, àwọn gende tó wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n dé fìlà bíi ti ṣọ́jà, tí onílù ńlá ń gbá a bọ̀ lẹ́yìn: gbì, gbì, gbì. Ìdànrè sì rèé, àpáta ló yí i ká, títí dé Òkè-Ìdànrè tí àwọn baba ńlá wọn ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ohun tí wọ́n bá fun ní títì, àpáta á gbà á lẹ́nu wọn, á tún un sọ, àfi bíi pé bẹ́ńdì mìíràn wà lókè tó ń dá ti ìsàlẹ̀ lóhùn.

Láàárín àwọn onífèrè yìí, ẹnì kan máa ń wà. Òun kọ́ ló ni bẹ́ńdì, òun kọ́ ló bá olóòkú dúnàá-dúrà. Ṣùgbọ́n tí orin bá dé ibì kan, àwọn yòókù á rẹ ohùn sílẹ̀, onílù á máa rọra gbá a jẹ́jẹ́, ọkùnrin yìí á wá gbé ẹnu fèrè ẹ̀ sókè, iṣan ọrùn ẹ̀ á yọ, ojú ẹ̀ á pọ́n, fèrè á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ọmọ olóòkú tó ti nu ojú tán á bú sẹ́kún tuntun. Àna tó ti ń ṣírò owó lápò á gbàgbé ìṣirò, á fà á yọ, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí.

Nígbà tó bá dalẹ́, tí kúlá ti tán, tí wọ́n ti ń kó àga, gbogbo ẹnu ló máa ń sọ ọ́ pé òkú yẹn lárinrin, pé fèrè yẹn pọ̀. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ni ọkùnrin náà. Wọ́n á wo ara wọn lójú. Wọ́n á ní, "Àwọn bẹ́ńdì kan báyìí ni."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó mú gbogbo agbo sunkún, tó tún mú wọn jó, "àwọn bẹ́ńdì kan báyìí" ni wọ́n ń pè é.

ṢỌ́JÀ TÍ ẸNIKẸ́NI Ò MỌ̀

Kì í ṣe Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìn-ín-ní, ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní 1970, ìyẹn ni wọ́n ṣe mú un. Ààrẹ á wà ní Àbújá, gómìnà á wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ tiẹ̀, àwọn ṣọ́jà á tò, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ká tó dákẹ́ rọ́rọ́, ṣọ́jà kan á gbé ìpè sẹ́nu, á fun orin tí wọ́n ń pè ní Last Post.

Kò ju bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn opó tó jókòó síbẹ̀ lásìkò náà. Àwọn tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ gígùn sí wọn létí, ìpè yìí ló máa ń ja omi lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn á kọ orúkọ Ààrẹ, wọ́n á kọ ti mínísítà, wọ́n tiẹ̀ lè kọ ọ́ pé ẹyẹlé kan kọ̀, kò fò. Orúkọ ṣọ́jà tó fun ìpè kì í sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe yẹn, ó le ju bí ojú ti rí i lọ. Ìpè àwọn ṣọ́jà yẹn, tí òyìnbó ń pè ní bugle, kò ní ihò tí wọ́n ń fi ìka dí, kò ní bọ́tìnnì kankan bíi ti tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Páìpù idẹ tí wọ́n ká ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kó kígbe sókè, ètè ni wọ́n máa fún le. Bí wọ́n bá fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ètè ni wọ́n máa dẹ̀. Ìwọ̀nba ohùn bíi márùn-ún péré ni wọ́n sì ń rí lò nínú ẹ̀. Ohùn márùn-ún yìí náà ni wọ́n fi ń jí ṣọ́jà lówùúrọ̀, òun ni wọ́n fi ń pè wọ́n wá jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń sìnkú wọn.

Ẹni tó bá wà láàárín ogún onífèrè lè ṣi í, àwọn yòókù á bò ó. Ẹni tó ń dá fun ò ní ẹni tó máa bò ó. Bí ètè ẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, fèrè á ké bí ewúrẹ́, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ fèrè í fun ló lè dá dúró fun un.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE TIWỌN NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ irú nǹkan yìí di ìdíje ńlá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ, wọ́n kó ìlù àti ìpè fún wọn, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan lórí pápá. Drum and bugle corps ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje, títí wọ́n fi dá àjọ Drum Corps International sílẹ̀. Ọdún 1972 ni àjọ yìí ṣe ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ ní ìlú Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ẹgbẹ́ Anaheim Kingsmen ló sì gbé ipò kìíní.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi bọ́tìnnì kún ìpè náà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti fàyè gbà á pé kí wọ́n máa lo fèrè idẹ bíi tàwọn onífèrè yòókù. Ẹgbẹ́ kan lè ní èèyàn tó tó 165 lórí pápá. Àwọn adájọ́ á máa fún wọn ní máàkì lórí 100, nǹkan tín-ín-tín sì ni wọ́n fi ń ju ara wọn lọ. Ní 2014, ẹgbẹ́ Blue Devils gba 99.65. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá jáde láàárín 165 láti dá fun fèrè, tó wá ṣi ohùn kan ṣoṣo, ìṣẹ́ ńlá ló dá sílẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Tí wọ́n bá ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò, ó tán nìyẹn. Ẹlòmíràn kì í dá fun fèrè ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo lọ láyé ẹ̀. Àmọ́ ohun tó yẹ ká fara balẹ̀ wò rèé: àwọn olólùfẹ́ eré náà kì í gbàgbé wọn. Nínú ẹgbẹ́ Blue Devils kan náà yìí, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 tó ń jẹ́ Bonnie Ott, fèrè tí wọ́n ń pè ní mellophone ló ń fun. Ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, síbẹ̀ àwọn àgbà tó wà ní pápá nígbà náà ṣì ń dárúkọ ẹ̀ bí àwọn ará ibí ṣe ń dárúkọ agbábọ́ọ̀lù. Kì í ṣe pé ètè tiwọn dùn ju ti ọmọ Ìdànrè lọ. Wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ ni.

ỌMỌ TÍ WỌ́N MÚ LỌ SÍLÉ ÀWỌN ỌMỌ ALÁÌGBỌRÀN

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé eré ọmọdé lásán ni bẹ́ńdì tí àwọn ọmọ ń fi yan ní títì. Inú ẹ̀ ni àwọn afunfèrè tó pabanbarì láyé yìí ti jáde.

Ní alẹ́ tó mọ́jú ọdún tuntun 1913, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ yìnbọn sókè ní ìgboro New Orleans, ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ṣàjọyọ̀. Ọlọ́pàá gbé e. Adájọ́ ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bá ya aláìgbọràn. Bẹ́ńdì wà nílé náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ náà sídìí ìlù, wọ́n gbé bugle fún un, kó máa fi pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sí oúnjẹ àti oorun, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé fèrè oníbọ́tìnnì lé e lọ́wọ́. Louis Armstrong lorúkọ ọmọ náà. Títí dòní, tí wọ́n bá ń ka àwọn tó dá fun tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì láyé yìí, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará ibí rí i sójú. Ó wá sí Accra ní 1956, ó sì rin àwọn ìlú káàkiri Nàìjíríà ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ó sanwó fèrè yẹn. Láàárín àwọn ọdún 1930, ètè ẹ̀ bẹ́, ó ṣọgbẹ́ débi tí wọ́n fi ní kó lọ sinmi fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí afunfèrè tó ń fi aṣọ ìnujú nu ẹnu nígbà gbogbo, kì í ṣe fáàrí, ibi tó ń dùn ún ló ń nù. Ẹni tó bá wá pàdánù eyín iwájú nídìí iṣẹ́ yìí, ká má rí i.

BÓ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé fèrè idẹ dé etíkun wa. Nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Àṣáńtì jagun ní Ghana ní 1873 sí 1874, wọ́n kó àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù Karíbíà wá sí Cape Coast àti Elmina. Àwọn wọ̀nyẹn, tí wọn ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í fun orin ogun, orin ìlú wọn ni wọ́n ń fun. Àwọn ọmọ Cape Coast gbọ́, wọ́n ní àwọn náà lè ṣe é. Láti ibẹ̀ ni fèrè idẹ ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ aráàlú.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà ṣọ́jà àti ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ gbà wọlé, ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé e dé àdúgbò. Ẹgbẹ́ Bọ́ìsì Bìrìgéèdì tí William Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883 dé Èkó ní 1908. Ọmọ tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀ á wọ bẹ́líìtì, á dé fìlà, á gbé ìpè lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sunday, gbogbo àdúgbò á tú síta. Ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ kan ti wà l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní Calabar Brass Band, wọ́n ń fun orin ijó fún aráàlú, wọ́n sì ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ní Accra, tíṣà kan tó ń jẹ́ Joe Lamptey kó àwọn ọmọ iléèwé jọ, ó kọ́ wọn ní fèrè kéékèèké tí wọ́n fi ń yan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni E.T. Mensah. Ọmọ yìí ló dàgbà tó di olórí ẹgbẹ́ Tempos, tó ń fun tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi jẹ ọba háíláìfù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹgbẹ́ ẹ̀ wá sí Nàìjíríà láti nǹkan bí 1950, àwọn ọmọ Èkó tó gbọ́ ọ kò lè sùn mọ́.

Ọmọ Ìkòròdú kan ti wà nílẹ̀ nígbà náà, Bobby Benson, tí wọ́n bí ní 1922. Ẹgbẹ́ tiẹ̀, Jam Session Orchestra, iléèwé gíga ni fún àwọn afunfèrè. Eddy Okonta kọjá níbẹ̀, Zeal Onyia kọjá níbẹ̀, Bill Friday náà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó kọjá níbẹ̀, ọmọ kan wà tí ìtàn ẹ̀ kan àwọn ará Ìdànrè gbọ̀ngbọ̀n.

ỌMỌ OLÓWÓ TÓ LÓUN Ò ṢE ẸNJINÍÀ

Ìjẹ̀ṣà-Isu ni àwọn òbí Victor Olaiya ti wá. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ń ka ìlú náà mọ́ báyìí, àmọ́ kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ lóṣù kẹwàá, ọdún 1996, Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni òun àti Ìdànrè wà. Calabar ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1930. Òun ni ọmọ ogún nínú ọmọ mẹ́rìnlélógún tí bàbá wọn bí.

Bàbá yìí kì í sì í ṣe tálákà rárá. Òun ló ra ilé àwọn Àgùdà tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó ní 1933, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar. Ìjọba kà á mọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, kí wọ́n tó wá wó o palẹ̀ lójijì lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, tí ariwo ta.

Láti kékeré ni Victor ti ń fun bombardon, fèrè ńlá tó ń dún bí àgbà tó ń bínú, ó sì ń fun French horn pẹ̀lú. Ó yege ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 1951, Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà sì gbà á pé kó wá kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà. Ẹ ronú ẹ̀ wò. Lọ́dún 1951! Nígbà tí ẹni tó bá ti òkè òkun dé, wọ́n máa ń gbé ìlù lọ pàdé ẹ̀ ní èbúté. Ọmọ ní òun ò lọ, fèrè lòun máa fun.

Inú àwọn òbí ẹ̀ ò dùn, ta ni inú ẹ̀ máa dùn? Alágbe ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá ń kọrin nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ti rí ohun tó ń wá. Ó bá Sammy Akpabot ṣeré, ó bá Bobby Benson ṣeré, nígbà tó di 1954, ó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Cool Cats. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, Cool Cats ni wọ́n mú láti ṣeré níbi ijó ìjọba. Òmìnira dé ní 1960, wọ́n tún mú un. Nàìjíríà di olómìnira tó ní Ààrẹ ní 1963, òun náà ni.

Nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n fún un ní oyè ọ̀gá ṣọ́jà, lieutenant colonel, kó lè máa gbé ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ dá àwọn ọmọ ogun lára yá. Fèrè tí ṣọ́jà gbé dé ilẹ̀ wa, ó tún wá padà sọ́dọ̀ ṣọ́jà lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Isu.

Ìgbà tí Olaiya bá dìde láti dá fun fèrè, kì í sáré. Ìyẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń sọ. Ohùn kan, á dá a dúró, á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa kó tó mú èkejì. Á wá fa aṣọ ìnujú funfun yọ, á nu òógùn, á rẹ́rìn-ín, á tún gbé fèrè sẹ́nu. Ilé ìtura ẹ̀, Stadium Hotel ní Sùúrùlérè, ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń rọ́ lọ lópin ọ̀sẹ̀. Fẹlá ṣeré pẹ̀lú Cool Cats kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, inú ẹgbẹ́ náà ni Tony Allen onílù sì ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní 2013, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun àti 2Face Idibia tún orin ẹ̀, Baby Jowo, ṣe, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó ń lókìkí wá ń jó o. Ó kú lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2020, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Kí ló dé tí orúkọ Olaiya kò fi parẹ́? Ó mọ fèrè í fun lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: òun ló ni ẹgbẹ́. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù, orúkọ ẹ̀ ló wà lára pátákó. Rex Lawson, ọmọ Kàlàbàrì tó máa ń sunkún lórí ìtàgé tí orin bá wọ̀ ọ́ lára, tó kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ ní 1971, bó ṣe rí fún òun náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Roy Chicago, ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, ẹni tó fun sásófóònù, tó tún gbé gángan wọnú háíláìfù. Ẹni tó bá lórúkọ lára ilé, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbàgbé ẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ NÍ ẸGBẸ́ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Nínú àwọn tó ń gbọ́ orin Zombie Fẹlá, tó jáde ní 1976, mélòó ló mọ Tunde Williams? Òun ló ń fun tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ Africa 70, ó sì ti wà lọ́dọ̀ Fẹlá láti ìgbà Koola Lobitos, nígbà tó jẹ́ pé tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni Fẹlá fúnra ẹ̀ ṣì ń fun. Orin tó fi ṣọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, tí bàtà wọn ń dún kò kò kò nínú ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Fẹlá, wọ́n sì tún ń fi ẹnu pe fèrè náà, pàrà pàrà. Orúkọ ẹni tó fun un ò sí lẹ́nu wọn. Ní 1977, rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde tó jẹ́ ti Tunde Williams fúnra ẹ̀, Mr. Big Mouth lorúkọ ẹ̀. Ẹ wo iye èèyàn tó ní in nílé.

Igo Chico ńkọ́? Òun ló ń fun sásófóònù fún Fẹlá níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjà dé tó sì kúrò ní nǹkan bí 1973, ihò tó dá sílẹ̀ pọ̀ débi pé Fẹlá ò wá ẹlòmíràn, ó ní òun fúnra òun máa kọ́ sásófóònù, ó sì kọ́ ọ. Sásófóònù tí gbogbo ayé fi ń ya àwòrán Fẹlá lónìí, àlàfo tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ló fà á.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe orúkọ nìkan, ó kan owó. Nígbà tí Africa 70 lọ ṣeré ní Berlin ní 1978, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kúrò lẹ́yìn ẹ̀, Tony Allen wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó tú ilé náà ká. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níta, kò sí bó ṣe máa béèrè owó táwọn èèyàn á gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ni?"

Àní ẹni tó sọdá òkun pàápàá kò bọ́. Mike Falana, orúkọ ẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá, ó gbé tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1960, ó wà nínú ẹgbẹ́ Johnny Burch pẹ̀lú Ginger Baker àti Jack Bruce, kí àwọn méjèèjì tó lọ dá ẹgbẹ́ Cream tó gba ayé kan sílẹ̀. Ginger Baker ti padà wá bá Fẹlá ṣeré l'Ékòó. Ẹ béèrè Ginger Baker, wọ́n á ròyìn ẹ̀ fún yín dọ̀la. Ẹ béèrè Mike Falana lọ́wọ́ àwọn èèyàn tiẹ̀ nílé, wọ́n á ní, "Èwo nìyẹn?"

TÓ BÁ DI SÁTIDÉ TÓ Ń BỌ̀

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ṣebí wọ́n ti sanwó bẹ́ńdì? Òótọ́ ni, wọ́n sanwó bẹ́ńdì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbé ìpè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Odòde tàbí Aládé lónìí ń wò. Bàbá ẹ̀ ń sọ fún un pé kó gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kó lọ kàwé, bí bàbá Olaiya náà ì bá ti fẹ́ ní 1951. Ọmọ náà ń wo ọkùnrin tó ń dá fun fèrè níbi òkú, ó rí i pé wọ́n lẹ̀wó mọ́ ọn, ó tún rí i pé nígbà tó di alẹ́, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń jẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ náà, ṣé ẹ̀ẹ́ máa fún ètè yín le lójoojúmọ́ títí tó fi máa ṣẹ̀jẹ̀?

Ẹni tó ń lu gángan, àwa náà ń mọ orúkọ ẹ̀, nítorí ó máa ń ki ara ẹ̀, ó máa ń ki ìdílé ẹ̀. Fèrè idẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orin ẹlòmíràn ló máa ń fun, òkú ẹlòmíràn ló máa ń sìn, èémí tara ẹ̀ nìkan ni tiẹ̀ níbẹ̀. Tó bá sì ti mí in tán, ó di afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ń bọ̀ ní títì, tí gbogbo wọn bá rẹ ohùn sílẹ̀ tí ẹnì kan gbé fèrè sókè, tí àpáta Ìdànrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, ẹ jó. Ẹ lẹ̀wó mọ́ ọn bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá sọ fèrè kalẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, ẹ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lorúkọ yín, ẹ̀gbọ́n?"

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í rí.